Ìkànnì fún àwọn ọmọbìnrin: báwo la ṣe ń mọ èyí tó wúlò?

Bí ọmọbìnrin kan bá jókòó sí Òṣogbo lónìí, tó wá ìkànnì fún àwọn ọmọbìnrin lórí Google, ohun tí yóò rí á pọ̀ ju ohun tó lè kà tán lọ. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ń bẹ níbẹ̀, sikọ́láṣíìpù ń bẹ níbẹ̀, àlàyé nípa nǹkan oṣù ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń ta ìpara ìbóra náà ń bẹ níbẹ̀, gbájúẹ̀ sì ti fara pamọ́ sáàárín wọn. Gbogbo wọn ló ń sọ pé tìtorí ọmọbìnrin làwọn ṣe wà. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ lójú, tó sì ń dàrú mọ́ àwọn òbí wọn náà.

Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kọ̀ǹpútà ní agbègbè Òkè-Fìà. Ìbéèrè tí àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wá máa ń bi mí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: "Àǹtí, íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní kọ́mọ mi máa lò yìí, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ba ọmọ jẹ́?" Ibẹ̀ náà ni, mi ò ní parọ́. Ibẹ̀ náà sì ni ọmọ tí kò rówó lẹ́sìnnì san ti lè kọ́ ìṣirò títí yóò fi yé e. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí nínú orúkọ tí ìkànnì kan ń jẹ́. Ó wà nínú ìdáhùn sí ìbéèrè méjì: ta ló ni ìkànnì yìí, kí ló sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹni tó ni ín ṣáájú, nítorí pé ọmọ tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò lè rí i fúnra rẹ̀. Gbogbo ìkànnì ló ní àdírẹ́sì, òkè ojú fóònù ló sì sábà máa ń wà. Lórílẹ̀-èdè wa, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní NiRA ló ń bójú tó àdírẹ́sì tó bá parí sí .ng. Èyí tó bá parí sí .gov.ng, iléeṣẹ́ ìjọba nìkan ni wọ́n ń fún. Èyí tó bá parí sí .edu.ng, ilé ẹ̀kọ́ gíga ló ni ín. Ṣùgbọ́n .com, .org àti .com.ng, ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ á rà á, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ọmọ ta ni. Èyí kò sọ .com di ohun búburú o. Ọ̀pọ̀ ìkànnì gidi ló ń lò ó. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé .com kì í ṣe ẹlẹ́rìí ẹnikẹ́ni.

Gbájúẹ̀ mọ èyí dáadáa, ó sì ní ọgbọ́n kan tó fi ń mú àwọn ọmọ. Á kọ àdírẹ́sì báyìí: https://jamb.gov.ng.foomu-ofe.com/omobinrin. Ọmọ á rí jamb.gov.ng níwájú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á máa tẹ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i lọ. Ẹ má ka àdírẹ́sì láti iwájú. Ẹ fo https:// tó wà níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá àmì / àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ wá máa ka ohun tó wà ṣáájú àmì yẹn bọ̀ láti ẹ̀yìn. Nínú àpẹẹrẹ tí mo fúnra mi hun yìí, foomu-ofe.com ló ni ìkànnì náà. Jamb.gov.ng tó wà níwájú kò ju ọ̀rọ̀ tí onífoomu-ofe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ "Ààfin Àtáọ́ja" sára ògiri ilé rẹ̀, ìyẹn ò sọ ilé náà di ààfin.

Ẹ tún máa ń gbọ́ pé bí ẹ bá ti rí àgádágodo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ìkànnì náà dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgádágodo yẹn ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò ní lè ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ bó ṣe ń lọ láti orí fóònù yín sọ́dọ̀ ìkànnì náà. Kò sọ irú ẹni tó jókòó sí ìdí ìkànnì náà. Olè náà lè gba àgádágodo, ọ̀fẹ́ ni wọ́n tilẹ̀ ń fúnni. Àṣìlóye yìí pọ̀ débi pé Google yọ àwòrán àgádágodo náà kúrò nínú Chrome lọ́dún 2023, ó fi àmì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti ohun tí ìkànnì náà fẹ́ gbà. Owó ló rọrùn jù láti rí nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń dúró de àbájáde wáyẹ́ẹ̀kì rẹ̀ mú fóònù sáré wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti fi líǹkì sikọ́láṣíìpù fún àwọn ọmọbìnrin ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ojúewé náà mọ́ lójú, àwòrán àwọn ọmọ tó dé fìlà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wà lórí rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ ilé ẹ̀kọ́, ó ti tẹ NIN sí i. Ohun tó kù ni nọ́ńbà àkáǹtì ìyá rẹ̀ àti owó fọ́ọ̀mù, ₦3,500. Lókè ojúewé náà, aago kan ń ka àkókò bọ̀ wálẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò ní pẹ́ tì í, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ mọ́." Mo ní kó pa ojúewé náà dé, kó tún un ṣí. Aago náà padà sí wákàtí méjì géérégé. Ó wo fóònù, ó wò mí, kò sí ohun tí mo tún ní í ṣàlàyé.

Aago yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọmọ má ráyè bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bákan náà ni ti "fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́wàá kí fọ́ọ̀mù tó ṣí". Kò sí sikọ́láṣíìpù gidi tó nílò kí ọmọ yín bá a polówó. Èyí tí MTN Foundation ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí NELFUND ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó ṣí ìkànnì rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024, kò gba owó fọ́ọ̀mù bákan náà. Ẹ̀yáwó ni tiwọn o, kì í ṣe ẹ̀bùn, àmọ́ kò ní èlé lórí, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Nelf.gov.ng ni àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ sì ti mọ bí ẹ ó ṣe kà á báyìí.

Ní ti JAMB fúnra rẹ̀, ọmọ kò nílò líǹkì ẹnikẹ́ni. Orí fóònù tiẹ̀ ni yóò ti fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba kóòdù. Kí ó tó yan iṣẹ́ tí yóò kà, kó lọ sí ibass.jamb.gov.ng, ibẹ̀ ni JAMB to àwọn iṣẹ́ àti sọ́bjẹ́ẹ̀tì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó fẹ́ ka nọ́ọ̀sì, tí kò fi Físíìsì kún Bíọ́lọ́jì àti Kẹ́místìrì nítorí ohun tí ọ̀rẹ́ kan sọ fún un, nígbà tó jẹ́ pé kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti wò ó níbẹ̀.

Àwọn ìkànnì ẹ̀kọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Khan Academy, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́tàlá, òbí ló yẹ kó bá a ṣí àkáǹtì. FreeCodeCamp wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì àti ápù, ọ̀fẹ́ ni títí dórí sẹ̀tífíkéètì. 3MTT ti ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọbìnrin sì lè jèrè wọn dáadáa. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ọmọ kan kì í wo ohun tí kò bá ní "fún ọmọbìnrin" lára.

Kí wá nìdí tí ti ọmọbìnrin nìkan fi wà? Àwọn ọkùnrin máa ń bi mí léyìí, ìbéèrè tó tọ́ sì ni. Ohun tí mò ń rí ní kíláàsì mi ni pé, bí ọmọkùnrin bá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ dì mọ́ kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin á sì dúró lẹ́yìn máa wò. Lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìwọ̀sí tún máa ń kún un. She Code Africa, tí Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, jẹ́ ibi tí obìnrin ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú obìnrin bíi tirẹ̀. Technovation ń gba ọmọbìnrin láti ọdún 8 sí ọdún 18, wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á wá ìṣòro kan nílùú wọn, wọ́n á ṣe ápù láti fi yanjú rẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn ọmọbìnrin Regina Pacis ní Onitsha gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí àwọn ọmọ kékeré nínú ìdíje náà ní Amẹ́ríkà. Oògùn ayédèrú ni wọ́n gbógun tì. Ápù wọn, FD-Detector, wà fún dídá irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama lásán ni wọ́n ti wá, bí èyí tó wà káàkiri Òṣogbo níbí.

Mo tún fẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka Wikipedia, èyí tó wà ní Yorùbá náà ń bẹ. Kí wọ́n wá Grace Oladunni Taylor, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún obìnrin onísáyẹ́ǹsì lọ́dún 1998. Ẹ̀fọ̀n kò jìnnà síbí rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ara ló kàn, ó sì gba sùúrù, nítorí pé ohun tí ọmọ ò lè bi ìyá rẹ̀ ló máa ń bi fóònù. Ọmọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rí i lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún lóṣù yìí, kó sì tó ogójì ọjọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá wá ìdí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ta àgúnmu àti tíì ìfọnú ló lè kọ́kọ́ pàdé, ẹni yẹn á sì sọ fún un pé inú rẹ̀ dọ̀tí. Ìlànà tí mo fi ń kọ́ wọn ni pé bí àlàyé nípa ara bá parí sí "ẹ pè wá lórí WhatsApp láti rà", ìpolówó ọjà ni, ẹ má gbà á gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn. Ìkànnì WHO, who.int, àti ti UNICEF, unicef.org, kò ní oògùn kankan láti tà. Àwọn àmì kan sì wà tí kò yẹ kí ọmọ jókòó ti fóònù lé lórí: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń mu páàdì kan láàárín wákàtí kan sí méjì, bí ó bá kọjá ọjọ́ méje, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò rí i, tàbí bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, tàbí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN.

Àwọn ápù tó ń bá obìnrin ṣírò nǹkan oṣù wúlò. Àmọ́ ẹ rántí ìbéèrè wa: kí ló ń gbà? Ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé, bóyá ẹ bá ọkùnrin lò pọ̀, bóyá ẹ̀ ń wá oyún, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀. Nínú oṣù kìíní ọdún 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà parí ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn tó ni Flo, ọ̀kan lára èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fún àwọn iléeṣẹ́ bíi Facebook àti Google ní ìròyìn nípa ìlera àwọn obìnrin tó ń lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. UNICEF ṣe ápù kan tí wọ́n pè ní Oky fún àwọn ọmọbìnrin, àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn ló bá wọn ro bí yóò ṣe rí. Drip náà wà, orí fóònù nìkan ló ń fi ohun tí ẹ bá kọ pamọ́ sí. Kàlẹ́ńdà ara ògiri pẹ̀lú báírò náà ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì lè tà á.

Mo ti dé ibi tó le jù. Ọmọkùnrin kan, tàbí ẹni tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan, ó wá ń sọ pé bí kò bá rí owó, òun á gbé e síta. Ọmọ náà ò jẹun mọ́, kò sùn mọ́. Ohun tó yẹ kó mọ̀ kíákíá ni pé sísan owó kì í parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá rí ₦10,000 gbà lónìí á tún padà wá. Kó má san án. Kó má pa àwọn ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún kọ rẹ́, kó ya wọ́n sílẹ̀ bó ṣe hàn lójú fóònù, orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà kó ti ilẹ̀kùn mọ́ onítọ̀hún, ìyẹn ni pé kó blọ́ọ̀kì rẹ̀, kó sì sọ fún àgbàlagbà kan.

Ìkànnì méjì ló wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó mọ̀ wọ́n kò sì pọ̀ tó rárá. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà, Take It Down ni tirẹ̀. Àjọ NCMEC ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2023, ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí sì lè lò ó láìdárúkọ. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà, StopNCII.org ni kó lọ. Bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: orí fóònù ọmọ náà ni àwòrán yóò wà, fóònù á sọ ọ́ di oǹkà gígùn kan. Oǹkà yẹn nìkan ló ń kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo àwòrán. Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn tó ń bá wọn ṣe á fi oǹkà náà wá àwòrán tó bá a mu lórí ìkànnì tiwọn, wọ́n á sì yọ ọ́. Nítorí èyí, kí ọmọ má tíì pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ kó tó ṣe é. Ibi tí agbára wọn mọ ni pé wọn kò lè rí ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì lórí WhatsApp.

Òfin wa náà mọ̀ nípa rẹ̀. Fífi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka kan tó ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lórí nccc.npf.gov.ng. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín: bí ọmọ bá mọ̀ pé fóònù ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà, tí lílù á sì tẹ̀ lé e, kò ní sọ fún yín títí yóò fi pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó sọ tán. Ìbáwí lè dúró di ìgbà tí ẹ bá ti yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni yẹn.

Ọ̀rọ̀ dátà ló kù, torí ó wọ́n, pàápàá látìgbà tí àjọ NCC ti gbà lóṣù kìíní ọdún 2025 kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó wọn. Fídíò ló ń jẹ dátà jù. Lórí ápù Khan Academy, ọmọ lè gba fídíò sílẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, kó wá wò ó nílé láìná kọ́bọ̀. Kiwix ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wikipedia. Ti Yorùbá kò tóbi rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan lè gbà á sílẹ̀, kó sì fi káàdì mẹ́mọ́rì pín in fún gbogbo kíláàsì. Bí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín bá ní kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀, ẹ sọ nípa Kolibri fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí, títí kan ti Khan Academy, àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù yòókù á sì máa gbà á láti ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni òun náà.